Bàlúù Adárà Àkọ́kọ́: Ibi Tó Yẹ Kí Owó Kékeré Lọ

Ẹni tó fẹ́ ra bàlúù adárà fún ìgbà àkọ́kọ́, ìyẹn bàlúù kékeré tí a ń fi rìmóòtù darí, tó lè yí òbíríkítí, tó lè fò ní ìdojúdé, tó sì lè gun òkè ṣánṣán, ìbéèrè tó máa ń bèèrè ni pé èwo ló dára jù nínú èyí tí agbára òun ká. Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ kò kan ibi tí owó ń gbà lọ gan-an. Iye tí wọ́n kọ sára páálí bàlúù kì í ju apá kan nínú ìnáwó yìí lọ. Èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè ni pé: bí bàlúù yìí bá forí sọlẹ̀, èló àti wákàtí mélòó ni yóò gbà kó tó padà sókè? Yóò kúkú forí sọlẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ àrà tí bàlúù rẹ̀ kò já rí, a jẹ́ pé kò tíì dán èyí tó le wò.

Èrò tèmi kò lọ́jú pọ̀. Kí owó tó pọ̀ jù lọ sórí rìmóòtù àti ṣájà, nítorí pé àwọn yẹn kì í bá bàlúù já. Kí èyí tó tẹ̀lé e lọ sórí bátìrì. Ara bàlúù ló yẹ kó gbẹ̀yìn, kó jẹ́ èyí tó fúyẹ́ jù, tó sì rọrùn láti lẹ̀ jù. Òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe: wọ́n á ra bàlúù ńlá aláwọ̀ mèremère, wọ́n á fi ṣẹ́ńjì tó kù ra rìmóòtù tí kò lè rántí ju bàlúù kan ṣoṣo lọ, bátìrì ẹyọ kan, àti ṣájà tó ń gba wákàtí mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí bàlúù yẹn bá já, gbogbo rẹ̀ ló já.

Ohun tó ń sọ bàlúù di adárà

Bàlúù akẹ́kọ̀ọ́ ní ìyẹ́ lókè ara rẹ̀. Ìyẹ́ náà tẹ́ nísàlẹ̀, ó ru lókè, ìkángun rẹ̀ méjèèjì sì gbé sókè díẹ̀ bíi lẹ́tà V. Bí o bá jọ̀wọ́ ọ̀pá rìmóòtù, fúnra rẹ̀ ni yóò dúró tọ́. Adárà kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹ́ tirẹ̀ wà láàárín ara, ó ru bákan náà lókè àti nísàlẹ̀, ó sì lọ gbọọrọ láti ìkángun kan dé èkejì láìgbé sókè. Ibi tí o bá darí rẹ̀ sí ni yóò máa wà, ìbáà jẹ́ ní ìdojúdé, ìbáà jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń dárà láìjà. Ìdí kan náà ló fi máa ń pa akẹ́kọ̀ọ́ láyò. Ẹni tí kò bá tíì lè fi bàlúù oní-aileron lásán ya nọ́ńbà 8 lójú ọ̀run, kó sì balẹ̀ síbi tó fẹ́, kó fi èyí sílẹ̀ ná. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Aileron ni pátákó tó ń mì lẹ́yìn ìyẹ́, òun ló ń yí bàlúù lórí ara rẹ̀. Elevator wà ní ìrù ní ìbú, òun ló ń gbé imú sókè tàbí sísàlẹ̀. Rudder wà ní ìrù ní òró, òun ló ń gbé imú sí ọ̀tún àti òsì. Lára adárà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tóbi ju bó ti yẹ lọ lójú ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Aileron lè gba ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú ìyẹ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Títóbi yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n ṣì gbọ́ràn nígbà tí bàlúù bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, mọ́tò gbọ́dọ̀ lè fa ẹrù tó ju ìwúwo bàlúù lọ. Bí ó bá fa ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ìwúwo rẹ̀, yóò lè dúró lórí ìrù ṣùgbọ́n kò ní lè máa gun òkè ṣánṣán. Ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ni ìwọ̀n tí mo fẹ́ràn fún ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń dúró lórí ìrù, torí agbára tó ṣẹ́ kù yẹn ni yóò fi bọ́ nínú ewu.

Àwòrán ara kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ ń fara wé bàlúù gidi bíi Extra 300, Edge 540, Yak-54 tàbí Sukhoi Su-26, gbogbo wọn ni ìyẹ́ wọn sì wà láàárín. Wo ìkángun ìyẹ́ ju orúkọ lọ. Bí ìyẹ́ bá fẹ̀ nídìí tó wá tín-ín-rín púpọ̀ ní ìkángun, ìkángun náà ló máa ń kọ́kọ́ já afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nígbà tí bàlúù bá rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan á wá wọlẹ̀ lójijì, kò sì ní ju mítà mẹ́ta sí ilẹ̀ nígbà náà, nítorí pé ìgbà tí a bá ń balẹ̀ ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ jù.

Ìwúwo ni gbogbo ọ̀rọ̀

Bí mo bá ní kí ẹnì kan wo nọ́ńbà kan péré kó tó sanwó, ìwúwo tí ìyẹ́ ń gbé ni. Ìṣírò rẹ̀ kò le. Ká pe ojú ìyẹ́ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní òró àti 10 ní ìbú ní ẹyọ kan. Bàlúù tí ìyẹ́ rẹ̀ gùn ní mìlímítà 1,000, tí ìbú rẹ̀ láàárín sì jẹ́ mìlímítà 230, ní ẹyọ 23. Bí ó bá wọn giramu 550 pẹ̀lú bátìrì nínú, pín 550 sí ọ̀nà 23: ẹyọ kan ń gbé giramu 24. Mú òmíràn tó gùn ní mìlímítà 1,200, tó ní ẹyọ 28, tó sì wọn giramu 1,150. Ẹyọ kan níbẹ̀ ń gbé giramu 41. Lórí páálí, èkejì yìí ló jọ ọ̀gá. Lójú ọ̀run, ó gbọ́dọ̀ sáré kó tó lè wà lókè, bí ó bá sì já, eré yẹn àti ìwúwo ìlọ́po méjì ló fi máa bá ilẹ̀ pàdé.

Àwọn kan wà tí fóòmù pẹlẹbẹ ni gbogbo ara wọn, tí ẹyọ kan kì í gbé ju giramu 15 lọ. Èyí lọ́ra débi pé àkẹ́kọ̀ọ́ á ráyè ronú. Àmọ́ atẹ́gùn díẹ̀ ló máa gbá a kiri. Inú gbọ̀ngàn ńlá tàbí òwúrọ̀ kùtù tí ewé kò mì ni wọ́n wà fún. Bí o kò bá ní irú àyè yẹn, láàárín giramu 20 sí 28 fún ẹyọ kan ni kí o dúró sí. Ó lọ́ra tó fún ojú àti ọwọ́, ó sì wúwo tó láti la atẹ́gùn kọjá. Bàlúù tó gùn láàárín mìlímítà 900 sí 1,050 ló sábà máa ń bọ́ síbẹ̀.

Ìwúwo tí olùtajà kọ, wò ó dáadáa. Ẹlòmíràn á kọ ti ara òfìfo, láìsí mọ́tò, láìsí bátìrì. Bí kò bá sọ èyí tó ń sọ, fi giramu 200 sí 250 kún un fún bàlúù oní-mítà kan, kí o sì tún ìṣírò náà ṣe.

Ohun tí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ náà ń sọ iye tí àtúnṣe máa gbà. EPP ni fóòmù rírọ̀ tó ń tẹ̀ tó sì ń padà; bí ó bá forí sọlẹ̀, ó lè fò sókè bíi bọ́ọ̀lù kó má fọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò le, ó nílò ọ̀pá carbon nínú ìyẹ́ àti ara kó má bàa máa gbọ̀n bí ewé. EPO le jù ú lọ, ó dán, òun ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú èyí tó ti tò tán nínú páálí. Ó máa ń ya, ṣùgbọ́n yíya náà mọ́, ó sì ṣeé lẹ̀. Depron fúyẹ́ gan-an, ó sì ń ṣẹ́ bíi bisikíìtì. Igi balsa ló ń fò dáadáa jù nínú gbogbo wọn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, torí ó le ó sì fúyẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó já lẹ́ẹ̀kan péré, ọjọ́ mélòó kan lórí tábìlì nìyẹn. Fún àkọ́kọ́, EPP ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ, EPO tẹ̀lé e. Balsa lè dúró de ìgbà tí ọwọ́ bá ti mọ́ ọn lára.

Lẹ́tà tó wà lára páálí

RTF ni pé gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀, rìmóòtù wà nínú rẹ̀. Ó dún bí owó pọ́ọ́kú, àmọ́ rìmóòtù yẹn kì í sábà wúlò fún bàlúù mìíràn. BNF ní ohun gbogbo bí kò ṣe rìmóòtù. Risífà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ, ti wà nínú rẹ̀. Ibi tí ọ̀fìn wà nìyẹn, torí èdè tí risífà náà ń gbọ́ gbọ́dọ̀ bá ti rìmóòtù rẹ mu. Rìmóòtù tó ń sọ ExpressLRS nìkan kò lè bá risífà DSMX ti Spektrum sọ̀rọ̀. Ó di kí o ní èyí tó ń sọ èdè púpọ̀, tàbí kí o yọ risífà náà kúrò. PNP ní mọ́tò, ESC (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún mọ́tò) àti servo (mọ́tò kékeré tó ń mi pátákó), àmọ́ kò ní risífà àti bátìrì. ARF jẹ́ ara tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tò tán, ẹ̀rọ rẹ̀ kù. Kit sì ni pélébé pélébé tí ìwọ fúnra rẹ máa lẹ̀ pọ̀.

PNP ni mo rí pé ó yẹ ẹni tí àkókò wọ́n fún. Ẹni tí owó wọ́n fún ju àkókò lọ, kó ra kit EPP. Yàtọ̀ sí pé ó pọ́ọ́kú, ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ gbogbo oríkèé rẹ̀, kò sì ní bẹ̀rù àtitún un lẹ̀.

Ní ti rìmóòtù, chánẹ́ẹ̀lì 6 ni kó kéré jù, kí aileron méjèèjì lè ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó gbọ́dọ̀ rántí bàlúù púpọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnì tí o lè tẹ̀ kí ìmì pátákó dín kù tàbí kó pọ̀ sí i, ó sì gbọ́dọ̀ ní expo, èyí tó ń mú kí ọ̀pá rọra ṣiṣẹ́ nítòsí àárín kó tó wá le ní ìkángun. Aago tó ń kà sẹ́yìn kò ṣeé yọ sílẹ̀. Àwọn rìmóòtù kékeré tó ń lo EdgeTX (ètò tó ń darí rìmóòtù), irú RadioMaster Pocket, ní gbogbo èyí láìgbówó lórí, wọ́n sì ṣeé fi wáyà USB so mọ́ kọ̀ǹpútà fún símúlétọ̀. Símúlétọ̀ kì í ṣe eré ọmọdé o. PicaSim jẹ́ ọ̀fẹ́. RealFlight ń gba owó, ó sì tó owó tó ń gbà. Títí tí o fi lè ya 8 ní ìdojúdé lórí kọ̀ǹpútà, apá ọ̀tún àti apá òsì, bàlúù gidi rẹ kò ní ìdí tó fi yẹ kó dojú dé nísàlẹ̀.

Mọ́tò, propeller, àti ẹ̀rọ tó ń pín iná

Fún bàlúù giramu 550 tí a ti ń lò bí àpẹẹrẹ, mọ́tò ìwọ̀n 2212 oní-1,000 kV pẹ̀lú propeller 10×4.7 lórí bátìrì 3S (tó ní ẹyọ mẹ́ta nínú; 4S ní mẹ́rin) jẹ́ àkópọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, kò sì wọ́n. Ó máa ń fa tó giramu 800, tó bá sì ń fà bẹ́ẹ̀, ìlọ́po kan àti ààbọ̀ tí mo sọ kò jìnnà. kV jẹ́ iye ìgbà tí mọ́tò máa yí láàárín ìṣẹ́jú kan fún fóòtì (volt) iná kan nígbà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀. Nọ́ńbà kìíní lára propeller ni gígùn rẹ̀ ní ínṣì, èkejì ni bí ó ṣe tẹ̀ tó, ìyẹn ọ̀nà tí yóò rìn síwájú bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Fún àrà tí a ń dá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, propeller tó gùn tí kò tẹ̀ púpọ̀ la fẹ́. Ó ń fà dáadáa nígbà tí bàlúù kò sáré, ó sì ń di bàlúù mú bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pípààrọ̀ mọ́tò 1,000 kV sí 1,400 láìpààrọ̀ propeller. Ní iye fóòtì kan náà, mọ́tò ń gbìyànjú láti yí kíákíá sí i, iná tó ń jẹ á fò sókè, ara rẹ̀ á gbóná. Bí kò bá jó, ESC ni yóò jó. Ti 1,400 lórí 3S sábà máa ń fẹ́ propeller 8×4. Wattmeter kékeré tí a ń so sáàárín bátìrì àti ESC á sọ iye áńpíà (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) tí mọ́tò ń jẹ ní tòótọ́. Bí ó bá sọ 15, ESC 20 ni kó kéré jù, 30 á sì fi ọkàn rẹ balẹ̀ láìfi ìwúwo púpọ̀ kún un. Láti mọ bí mọ́tò ṣe ń fà tó, gbé bàlúù sórí ilẹ̀ tó dán, fi okùn so ìrù rẹ̀ mọ́ ìwọ̀n oníkọ̀ọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹrù, kí o sì ṣí mọ́tò tán fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ̀yìn bàlúù ni kí o dúró sí, kì í ṣe iwájú, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ propeller.

Apá kan wà lára ESC tí kò sẹ́ni tó ń wò ó nígbà tó bá ń rajà, òun náà ló sì ń já bàlúù láìsọ̀rọ̀: BEC, tó ń sọ iná bátìrì di fóòtì 5 fún risífà àti servo. Oríṣi kan ń sọ fóòtì tó ṣẹ́ kù di ooru. Bí bátìrì 3S bá kún, fóòtì 12.6 ni, bí servo bá ń jẹ áńpíà 1, BEC náà ń ju wáàtì 7.6 dànù bí ooru. Gbé 4S sí i, ó di wáàtì 11.8. Nínú ara fóòmù tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, yóò gbóná títí yóò fi pa ara rẹ̀. Risífà á kú, bàlúù á máa lọ síbi tó wù ú, onítọ̀hún á sì máa bú rìmóòtù. Ra ESC tí wọ́n kọ SBEC tàbí switching BEC sí lára, áńpíà 3 ó kéré tán, kí o sì la ihò fún afẹ́fẹ́ láti wọlé níwájú. Ihò tó ń jáde lẹ́yìn ni kó tóbi ju ti iwájú.

Servo giramu 9 mẹ́rin tó fún irú bàlúù yìí. Èyí tó pọ́ọ́kú jù ní eyín ọ̀rá, eyín náà sì máa ń já bí ìyẹ́ bá kan ilẹ̀. Bí owó bá tó fún ẹyọ kan péré tó ní eyín irin, orí elevator ni kó lọ, nítorí pé bàlúù tó sọ elevator nù kò ní àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń wò ju eyín lọ ni bóyá servo náà ń padà sí àárín. Tì í sí ọ̀tún, jọ̀wọ́ rẹ̀. Tì í sí òsì, jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ibi tó padà sí bá yàtọ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, kò sí bí o ṣe lè tò ó tí bàlúù yẹn máa lọ tààrà. Lẹ́yìn náà, di apá servo mú, kí o sì fi ọwọ́ kejì mi pátákó. Mímì tó bá ju mìlímítà 1 lọ, ihò ló fẹ̀ ju wáyà lọ, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀ ń tẹ̀. Fi ọ̀pá carbon tín-ín-rín kún ọ̀pá tó ń tẹ̀. Èyí kò ná ní nǹkan kan, ó sì máa ń jẹ́ kí bàlúù pọ́ọ́kú fò bí olówó ńlá.

Bátìrì

Mẹ́ta ló yẹ. Ẹyọ kan kò jẹ́ kéèyàn kọ́ nǹkan kan, torí ìgbà tí ọwọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ ni iná tán. 3S 1,300 mAh (mAh ni iye iná tó ń gbé) tó fún bàlúù oní-mítà kan, ó sì ń wọn bíi giramu 110. Lẹ́tà C tó wà lára rẹ̀ ni iye tó lè tú jáde: 1,300 mAh oní-30C yẹ kó lè pèsè áńpíà 39. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń bùkún nọ́ńbà yìí, nítorí náà má ra èyí tó kàn ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ohun tí mọ́tò ń jẹ.

Iye ìṣẹ́jú rọrùn láti ṣírò. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ká lò, ìyókù ni ààbò. 80% ti 1,300 jẹ́ 1,040 mAh. Bí bàlúù bá ń jẹ áńpíà 10 ní ìpíndọ́gba, ìṣẹ́jú 6 ó lé díẹ̀ nìyẹn. Fi aago sí 4 ná, balẹ̀, wo iye tó kù, kí o tó fi kún un. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú bátìrì náà ń kún ní fóòtì 4.2, bí o bá balẹ̀ tó sinmi tán, kó má wà nísàlẹ̀ 3.7. Áńpíà 1.3 ni kí o fi gba iná sí i, pẹ̀lú ṣájà tó ń bá ẹyọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, lórí ohun tí kò lè jóná, níbi tí ojú rẹ ti tó o. Bí o kò bá ní fò láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, dá a padà sí bíi 3.8. Èyí tí inú rẹ̀ bá ti wú ti tán, má ṣàánú rẹ̀.

Bí o bá máa ra bàlúù kejì lọ́jọ́ iwájú, ra èyí tó ń lo bátìrì kan náà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Owó tí èyí ń dá dúró ju èyí tí ẹ̀dínwó kankan lè fún ọ.

Má ṣe rà á

Bàlúù ogun àtijọ́ tó rẹwà, ó wúwo, ìkángun ìyẹ́ rẹ̀ sì tín-ín-rín. Oníyẹ́ méjì-méjì: àtúnṣe rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Jẹ́ẹ̀tì. Ohunkóhun tí wọ́n ní ó lè ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Gyro tó ń dúró ti bàlúù nínú atẹ́gùn kì í ṣe ohun burúkú, àmọ́ ó ń bo àbùkù mọ́lẹ̀; bí o bá rà á, rí i dájú pé bọ́tìnì wà tó lè pa á.

Àlòkù lè dára gan-an. Gbá ìdí mọ́tò mú, mì í. Bí pátákó tó dì í mú bá dún tàbí tó sún, wọ́n ti fi sọlẹ̀ rí. Fi ọwọ́ yí mọ́tò, kó lọ wẹ́rẹ́ láìhan. Mi servo kọ̀ọ̀kan láti ìkángun dé ìkángun, kí o sì fetí sí bóyá eyín kan fò. Wo oríta ìyẹ́ àti ara fún gọ́ọ̀mù tuntun. Má san kọ́bọ̀ fún bátìrì àlòkù, kódà bí ó bá wà lára ẹrù náà, ka iye rẹ̀ sí òdo.

Kí ó tó fò

Ibi tí ìwọ̀n bàlúù wà ló ń sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá. Bẹ̀rẹ̀ láti 25% ìbú ìyẹ́, kí o kà á láti etí iwájú. Fún ìbú 230, mìlímítà 58 nìyẹn. Bí ìyẹ́ bá ń tín-ín-rín lọ, ibi tí ìbú rẹ̀ ti wà ní ìpíndọ́gba ni kí o wọ̀n, kì í ṣe ìdí rẹ̀. Fi ìka méjì gbé e níbẹ̀ pẹ̀lú bátìrì nínú rẹ̀. Kó dúró gbọọrọ tàbí kí imú wọlẹ̀ díẹ̀. Bátìrì ni kí o sún, má fi òjé kún un àyàfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn.

Lẹ́yìn tí o bá ti fò tó sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí méjì, gòkè dáadáa, dojú rẹ̀ dé, kí o sì wo bí o ṣe ní láti ti ọ̀pá síwájú tó kó lè máa lọ tààrà. Bí ó bá gba títì púpọ̀, imú ti wúwo jù. Sún bátìrì sẹ́yìn ní mìlímítà 3 sí 5, má jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ń gòkè fúnra rẹ̀ ní ìdojúdé, ìrù ló wúwo. Dá a padà. Púpọ̀ nínú àwọn adárà á parí sí nǹkan bíi 30%.

Ìmì pátákó àkọ́kọ́: aileron dígíríì 15, elevator 12, rudder 25, pẹ̀lú expo 30%. Bí ìbú aileron bá jẹ́ mìlímítà 40, dígíríì 15 jẹ́ kí etí rẹ̀ lọ sókè ní bíi mìlímítà 10, rúlà lásán á wọ̀n ọ́n. Lórí bọ́tìnì kejì, fi 35 sí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú expo 55%, kí o má sì fọwọ́ kàn án àfi bí o bá ga. Yọ propeller nígbà tí o bá ń ṣe gbogbo ètò yìí. Ṣètò risífà kó pa mọ́tò bí kò bá gbọ́ rìmóòtù mọ́, pa rìmóòtù kí o rí i pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí o sì dán ìjìnnà rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní òfin fún bàlúù tó ju giramu 250 lọ, nítorí náà wo ti ibi tí o wà kó tó di pé ẹlòmíràn sọ ọ́ fún ọ.

Lúùpù (yíyí òbíríkítí) àti róòlù (yíyí lórí ara rẹ̀) ni kó ṣáájú. Lúùpù tó bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lókè, ìyẹ́ kò dọ́gba kó tó bẹ̀rẹ̀ ni, tàbí kí ìyẹ́ kan wúwo ju èkejì. Nínú róòlù, bí bàlúù bá ti dojú dé, ti elevator síwájú díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ imú á máa wọlẹ̀. Ohun tó sì ń pa bàlúù jù nìyí: bí ẹ̀rù bá bà wá, ọwọ́ wa ń fa ọ̀pá sẹ́yìn. Bàlúù tó dojú dé, tí a fa ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn, ilẹ̀ ló ń lọ. Ohun tó yẹ ni kí o kọ́kọ́ tì, lẹ́yìn náà kí o yí i padà. Gíga tó lè gba àṣìṣe mẹ́ta léra ni kí o ti máa kọ́ ọ, ká sọ bíi mítà 40. Fífò ní ẹ̀gbẹ́ àti dídúró lórí ìrù á tẹ̀lé e nígbà tí ìdojúdé kò bá já ọ láyà mọ́.

Fún ọjọ́ tó bá já, gọ́ọ̀mù yàtọ̀ síra. Súpàgúlù lásán máa ń jẹ Depron; èyí tí wọ́n kọ foam-safe sí lára ni kí o rà, tàbí UHU Por. EPO gba súpàgúlù lásán, bí ibì kan bá sì tẹ̀ wọnú, omi gbígbóná máa ń jẹ́ kó wú padà. EPP fẹ́ gọ́ọ̀mù tó ń rọ̀, torí gọ́ọ̀mù líle á ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a lẹ̀. Epoxy ni fún ìdí mọ́tò. Pẹ̀lú bàlúù náà, ra propeller márùn-ún, servo kan, ọ̀pá tó ń mú propeller méjì, ọ̀pá carbon mìlímítà 3 kan, àti téèpù tó ní okùn nínú. Ra wọn ní ọjọ́ kan náà tí o ra bàlúù, torí propeller ló máa kọ́kọ́ tán, ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá sì dára jù ló máa ń tán.